Aago Tí Kò Láṣọ

Ní Montevideo, oṣù Keje ni òtútù ń mú.
Afẹ́fẹ́ á gbéra lórí odò tó fẹ̀ bí òkun,
á gba abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé,
á wá dúró ti òṣùwọ̀n mi bí oníbàárà.
Iṣẹ́ mi ò le: mo ń wọn wúrà.
Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti rí i.
Mo kàn ń ka gíráàmù ni.

Etcheverry mọ̀ mí dáadáa.
Awakọ̀ ojú omi ni kó tó fẹ̀yìn tì,
fíláàsì omi gbígbóná fún màté kì í kúrò lábíyá rẹ̀.
Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń rin ọjà Tristán Narvaja já,
láàárín ẹyẹ inú àgò, ìwé àtijọ́,
kọ́kọ́rọ́ tí kò nílẹ̀kùn mọ́,
ó ń wá aago ọwọ́, aago wúrà ayé àtijọ́,
èyí tí a ń fọwọ́ yí lọ́rùn láàárọ̀ kó tó jíṣẹ́,
tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì.
Mọ́kànlélógójì ló ní.
"Eléyìí, dókítà eyín kan ní Salto ló ni ín.
Eléyìí máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́ bí òjò bá ṣú."
Lọ́jọ́ kan ó ṣí ẹ̀yìn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn mí:
àwọn tó ti tún un ṣe rí
fi abẹ́rẹ́ ha orúkọ àti ọdún síbẹ̀,
tín-ín-rín, bí ẹsẹ̀ èèrà.
Ẹni mẹ́fà, láàárín àádọ́rin ọdún,
tí wọn ò fojú kan ara wọn rí,
tí wọ́n ń kí ara wọn nínú òkùnkùn.

Ọdún yìí ni wúrà gbówó lórí.
Àwọn opó dé, àwọn ọmọ olóògbé dé,
ọ̀rá lọ́wọ́ kálukú.
Bergamasco ọ̀gá mi kò fẹ́ ìtàn.
Ó ní ẹ̀rọ inú aago kò wúwo tó nǹkan kan.
Nítorí náà èèpo ẹ̀pà là ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù wa,
ọmọ ẹ̀pà là ń dà nù.
A ó yọ ọ́, a ó yọ́ ọ, a ó yọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá Ofelia Queirolo mú ti ọkọ rẹ̀ wá.
Kò sunkún. Owó gáàsì ló wà lọ́rùn rẹ̀.
"Ó máa ń bọ́ ọ kó tó fọwọ́ kàn mí lójú," ó ní,
"kó má baà ha mí lára."
Gíráàmù mọ́kànlá àti ààbọ̀.
Iná ti jẹ ẹ́ kí ìyá náà tó sọdá títì.

Ó yẹ kí n da ẹ̀rọ rẹ̀ sínú garawa.
Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.
Kò láṣọ, kò ní gíláàsì lójú, ọwọ́ méjèèjì ti bọ́,
síbẹ̀ ó ń ka àkókò tí ẹnikẹ́ni ò lè rí.
Mo fi òwú tẹ́ ẹ sínú agolo sadíìnì.

Ọjọ́ Ajé ni Etcheverry dé. Mo rò pé á bínú.
Ó gbé agolo náà sétí, ó dijú.
Òkúta pupa mẹ́tàdínlógún ń ṣẹ́jú níbẹ̀ bí ojú ẹyẹlé.
"Èló ni?"
Mo ní òṣùwọ̀n mi ò lè sọ.
Ó bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀ sórí káńtà.
"Fún Ofelia. Sọ fún un pé kó má tà á fún yín."

Mo fún un.
Ó tà á fún wa lọ́jọ́rú.
Gáàsì ò mọ ẹlẹ́kún.

Kí n tó gbé e fún iná, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.
Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀.
Mo mú abẹ́rẹ́,
mo ha Nélida, mo ha ọdún yìí sí i,
mo pa á dé.

Etcheverry ò tíì gbọ́.
Agolo sadíìnì wà lápò ẹ̀wù òtútù rẹ̀,
ó ń yí i lọ́rùn láràárọ̀.
Bí o bá bi í létí omi pé aago mélòó ló lù,
á ṣí agolo, á wò ó títí,
á wá gbójú sókè wo oòrùn,
á sì sọ ọ́ fún ọ.